Ta Ló Wà Níbẹ̀ Tó Wọ̀n Ọ́n?

 

Ní Sátidé kan, kíláàsì àwọn ọmọ ńlá ń kọ́ bí a ṣe ń ka òǹkà dé ẹgbẹ̀rún àti mílíọ̀nù. Mo kọ àpẹẹrẹ kan sójú pátákó. Mo ní láti 800,000 ọdún sẹ́yìn, títí di ìgbà tí aráyé bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú àti epo ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ kò kọjá nǹkan bí 300 nínú mílíọ̀nù kan. Lónìí, ó ti kọjá 420. Àwọn ọmọ kà á sókè, wọ́n sì kà á dáadáa. Bí mo ṣe fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, 800,000 ọdún! Ta ló wà níbẹ̀ tó wọ̀n ọ́n?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó wọ̀n ọ́n. Kò sí ìwé nígbà náà, kò sì sí ẹ̀rọ. Mo ṣèlérí fún un pé màá dáhùn nínú ìwé ìròyìn wa. Ìdáhùn náà rèé.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀! Ilé kan wà tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé. Àlejò wọ ibẹ̀ lọ láìkan ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá, àlejò kò tíì jáde. Kí ni o?

Afẹ́fẹ́ inú yìnyín ni.

Ní Antarctica, ní gúúsù ayé pátápátá, òtútù pọ̀ débi pé òjò dídì tó bá bọ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ náà kì í yọ́. Ti ọdún yìí á bọ́ lé ti èṣí lórí, ti ẹ̀ẹ̀mí á sì bọ́ lé ìyẹn náà lórí. Ẹ ronú nípa òwú tí a kó sínú apẹ̀rẹ̀. Òwú nìkan kọ́ ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà, afẹ́fẹ́ wà láàárín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò dídì rí. Bí ẹrù orí rẹ̀ bá ti ń wúwo sí i, á máa fún pọ̀. Nígbà tó bá rì tó 50 sí 100 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá á dí pátápátá. Òjò dídì ti di yìnyín nìyẹn, afẹ́fẹ́ ìgbà náà sì ti há sínú ihò kéékèèké. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá irú yìnyín bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ afẹ́fẹ́.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Claude Lorius, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé ohun iyebíye ni afẹ́fẹ́ yìí. Lọ́dún 1965, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Antarctica. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ju yìnyín àtijọ́ sínú ife ọtí wọn. Bí yìnyín náà ṣe ń yọ́, afẹ́fẹ́ ń bú jáde nínú rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó ro ó pé, ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ayé àtijọ́ ló ń jáde lọ yìí?

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ oníhò gbígbòòrò, tó dà bíi páìpù, gbẹ́ yìnyín jáde. Ohun tó ń gòkè wá máa ń gùn bí ọ̀pá, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Bí a bá ṣe ń jìn sí ìsàlẹ̀ ni ọjọ́ orí yìnyín ń pọ̀ sí i. Ní Vostok, ibùdó àwọn ará Rọ́ṣíà, yìnyín náà mú wa padà sí 420,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù gbẹ́ ti Dome C, ó jìn ju 3,200 mítà lọ, ó sì mú wa dé 800,000 ọdún. Ibẹ̀ ni òǹkà tí mo kọ sójú pátákó ti wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Little Dome C, wọ́n gbẹ́ yìnyín dé 2,800 mítà títí wọ́n fi kan àpáta ìsàlẹ̀. Ọjọ́ orí yìnyín yẹn tó 1,200,000 ọdún, ó kéré tán. Ní oṣù keje ọdún náà, díẹ̀ lára rẹ̀ dé British Antarctic Survey ní Cambridge, tí kò jìnnà sí àwa tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí.

Ṣùgbọ́n kí yìnyín dé ilé jẹ́ ọ̀kan. Kí a gbọ́ ohun tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń sọ jẹ́ ọ̀tọ̀. A ní láti kọ́ ilé fún un.

Ilé tí wọ́n kọ́ kí afẹ́fẹ́ òní má baà wọ̀ ọ́

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Yìnyín gíráàmù mẹ́wàá, tó kéré ju èyí tí à ń jù sínú ife omi lọ, ní nǹkan bíi mílílítà kan afẹ́fẹ́ nínú. Ṣíbí tíì kan ń gba mílílítà márùn-ún. Nínú afẹ́fẹ́ tí kò tó ṣíbí kan yìí, à ń wá gáàsì tí kò ju 200 tàbí 300 lọ nínú mílíọ̀nù kan.

Nísinsìnyí, ẹ mí síta. Carbon dioxide inú èémí yẹn tó nǹkan bí 40,000 nínú mílíọ̀nù kan. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ bá rá wọ inú ẹ̀rọ, irọ́ ni ẹ̀rọ máa sọ. Nítorí náà, ọ̀tá tó tóbi jù lọ fún ilé ìwádìí yìí ni afẹ́fẹ́ tí à ń mí lójoojúmọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀, nítorí kí wọ́n lè lé e síta ni.

Yàrá òtútù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ́. Ó gbọ́dọ̀ tutù tó -20°C, ó kéré tán. Ògiri rẹ̀ nípọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì jẹ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní títì nígbà tí èkejì bá ṣí. Ẹ̀rọ atutù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kí èkejì lè gba iṣẹ́ ṣe bí àkọ́kọ́ bá kọṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ (àwa ọmọ Nàìjíríà mọ ìdí), kí agogo ìkìlọ̀ sì wà tó máa jí ẹni tó ń sùn nílé. Èyí kì í ṣe àṣejù. Lọ́dún 2017, ẹ̀rọ atutù kọṣẹ́ níbi tí Yunifásítì Alberta ní Kánádà ń tọ́jú yìnyín sí, yàrá náà sì gbóná dé nǹkan bí 40°C. Kí wọ́n tó débẹ̀, díẹ̀ lára yìnyín àtijọ́ wọn ti di omi lórí ilẹ̀. Bí ilé bá jó, a lè tún un kọ́. Yìnyín tó ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún kò ṣe é tún ṣe.

Inú yàrá òtútù yìí ni wọ́n ti ń fi ayùn gé yìnyín. Kóòtù wọn nípọn, ìbọ̀wọ́ wọn nípọn. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé ara rẹ̀ tó wà níta dànù, nítorí ìyẹn ni ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀, ọwọ́ àti afẹ́fẹ́ òní ti kàn. Àárín rẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ń lò.

Rírin bíi gbágùúdá

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú afẹ́fẹ́ kúrò nínú yìnyín? Ẹ ó ní, "Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kó yọ́." Àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò náà rò bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n ń rí kò bára mu, ó sì ń pọ̀ jù bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ lè rí ìdí rẹ̀ nínú kíṣíìnì yín. Ẹ ju èèpo ẹyin sínú fínígà, á máa hó. Carbon dioxide ló ń jáde yẹn. Eruku tí atẹ́gùn gbé sórí yìnyín ní ohun tó jọ èèpo ẹyin nínú, omi yìnyín náà sì ní ìwọ̀nba kíkan. Bí yìnyín bá yọ́, àwọn méjèèjì á pàdé, gáàsì tuntun á sì dà pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Yìnyín Greenland tó wà ní àríwá ayé ní eruku púpọ̀. Nítorí èyí, àwọn onímọ̀ kì í gbọ́kàn lé e tó bá di ọ̀rọ̀ carbon dioxide. Ti Antarctica ló mọ́ jù.

Ohun tí wọ́n ń ṣe dípò rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń gbé yìnyín sínú agolo irin tí kì í dípẹtà, wọ́n á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú agolo náà jáde, wọ́n á wá fọ́ yìnyín náà ní tútù láìjẹ́ kó yọ́. Ní Bern, ní Switzerland, abẹ́rẹ́ irin ni wọ́n fi ń gún un. Ní Ọsirélíà, irin wẹ́wẹ́ tó mú, bí èyí tí à ń fi rin gbágùúdá, ni wọ́n tẹ́ sínú agolo náà. Wọ́n á mi agolo, yìnyín á rin kúnná, afẹ́fẹ́ àtijọ́ á sì jáde. Ìgbà tí wọ́n ń fọ́ yìnyín láìjẹ́ kó yọ́ ni òótọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní Bern àti ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, rí i pé carbon dioxide kéré gan-an nígbà tí òtútù ńlá bo ayé ní 20,000 ọdún sẹ́yìn.

Ti yìnyín tuntun tó dàgbà jù yìí tún le sí i. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ìtàn ọdún tó tó 13,000 ló fún pọ̀ sínú mítà kan ṣoṣo. Ẹyọ kékeré ló ń kan ilé ìwádìí kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kan ní Bern tó ń fi iná léésà sọ yìnyín di oruku omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìjẹ́ kó kọ́kọ́ di omi, kí nǹkan kan má baà ṣòfò.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Yìnyín tí a bá ti fọ́, a ti fọ́ ọ náà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa sọ̀rọ̀.

Ẹ dán ara yín wò kí ẹ tó dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́

Láti inú agolo, afẹ́fẹ́ náà á gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Níbì kan lójú ọ̀nà, páìpù náà tutù gan-an, kí oruku omi lè dì síbẹ̀ kí gáàsì gbígbẹ nìkan sì kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ ńlá á wá ya gáàsì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì ka carbon dioxide àti methane.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe mọ̀ pé páìpù kò jò? Wọ́n máa ń fọ́n helium, gáàsì tí wọ́n ń fi kún bàlúù ọjọ́ ìbí, yí ìta páìpù ká. Bí ẹ̀rọ inú bá gbóòórùn helium, ihò wà níbì kan nìyẹn. Wọ́n á wá a kàn, wọ́n á dí i, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ irú ilé báyìí lè lo ọ̀pọ̀ oṣù lórí jíjò nìkan, kó tó fọwọ́ kan yìnyín àtijọ́ kankan.

Ìdánwò kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n máa ń ṣe yìnyín tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú rárá. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi tó mọ́ gan-an, wọ́n á sì jẹ́ kó dì díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á gbé yìnyín òfìfo yìí sínú agolo, wọ́n á fi gáàsì láti inú sílíńdà tí wọ́n ti mọ iye rẹ̀ sí i, wọ́n á sì fọ́ ọ bí ẹni ń fọ́ yìnyín gidi. Bí iye tí wọ́n mọ̀ bá jẹ́ 280, tí ẹ̀rọ sì sọ pé 280, ó dára. Bó bá sọ pé 287, a jẹ́ pé ilé ìwádìí náà fúnra rẹ̀ ń pa irọ́, kò sì tíì tó láti bi yìnyín àtijọ́ ní ìbéèrè.

Ẹ̀yin ọmọ, ibí ni ìdáhùn mi wà. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀, lóòótọ́. A gba òǹkà náà gbọ́ nítorí pé àwọn tó kà á kọ́kọ́ wá àṣìṣe ara wọn kiri. Wọ́n tún gbé yìnyín kan náà fún ilé ìwádìí mìíràn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rí mìíràn sì tún wà. Lọ́dún 1958, Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn carbon dioxide lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, láti inú afẹ́fẹ́ gan-an. Nígbà náà, ó jẹ́ nǹkan bí 315. Ní Law Dome ní Antarctica, òjò dídì pọ̀ lọ́dọọdún débi pé afẹ́fẹ́ àwọn ọdún lẹ́yìn 1958 pàápàá ti há sínú yìnyín. Wọ́n wọn ìyẹn náà, ó sì bá ti Keeling mu. Ẹlẹ́rìí méjì tí kò rí ara wọn sọ ohun kan náà.

Afẹ́fẹ́ kì í gba físà

Kí wá ni afẹ́fẹ́ àtijọ́ sọ? Ó ní láti 800,000 ọdún, carbon dioxide ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, láàárín nǹkan bí 180 ní ìgbà òtútù ńlá àti nǹkan bí 280 sí 300 ní ìgbà ìlọ́wọ́ọ́rọ́. Gáàsì yìí ń há ooru mọ́ ayé bíi kúbùsù. Iye tó ju 420 tí a wà lónìí kò sí nínú gbogbo ìtàn yẹn. Ọmọ tó wà ní kíláàsì wa ń mí afẹ́fẹ́ tí àwọn bàbá ńlá wa kò mí rí.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí kò tíì ní ìdáhùn. Láyé àtijọ́, ìgbà òtútù ńlá máa ń dé ní nǹkan bí 41,000 ọdún síra wọn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 900,000 ọdún sẹ́yìn, ó ti ń yí padà di nǹkan bí 100,000 ọdún síra wọn. Kí ló fà á? Nítorí ìdáhùn yìí ni wọ́n ṣe lọ gbẹ́ Little Dome C. Ó lè jẹ́ pé inú ṣíbí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ìdáhùn náà wà.

Òbí kan lè bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú yìnyín Antarctica. Ó kàn wá o. Afẹ́fẹ́ kì í gba físà kó tó kọjá bodè. Láàárín nǹkan bí ọdún kan sí méjì, afẹ́fẹ́ apá àríwá ayé á ti dà pọ̀ mọ́ ti gúúsù. Methane inú yìnyín yẹn, púpọ̀ rẹ̀ wá láti inú irà àti àbàtà ilẹ̀ olóoru, títí kan ti Áfíríkà. Bó bá pọ̀ sí i, ó lè jẹ́ àmì pé òjò rọ̀ dáadáa níbẹ̀.

Ẹ ronú nípa orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum, tí àwọn kan nínú yín ti lọ wò. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Ilé-Ifẹ̀ ń yọ́ idẹ láti fi dà irú ère bẹ́ẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, èéfín iná wọn àti èémí wọn gòkè lọ, ó dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ gbogbo ayé. Díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ ìgbà náà há sínú yìnyín Antarctica, ó sì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ yìí. Wọ́n ti fọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ti kà á. Nǹkan bí 280 ni.

Ẹ ṣe é nílé

1. Ẹ ju èèpo ẹyin sínú fínígà nínú ife. Kí ló ń jáde? Kí nìdí tí èyí fi kan ọ̀rọ̀ yìnyín tó ń yọ́?

2. Ẹ mú yìnyín kan láti inú fírísà, ẹ gbé e síwájú iná. Ǹjẹ́ ẹ rí ihò afẹ́fẹ́ funfun láàárín rẹ̀? Ẹ ya àwòrán rẹ̀ wá ní Sátidé.

3. Ẹ bi màmá tàbí bàbá yín, tàbí ẹ fi fóònù bi ìyá àgbà nílé: báwo ni afẹ́fẹ́, òjò tàbí ọyẹ́ ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé? Ẹ kọ ìdáhùn wọn ní gbólóhùn márùn-ún ní èdè Yorùbá. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀nà kan tí ẹnì kan lè gbà mọ̀ bóyá bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí

Òjò dídì: èyí tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, tó rọ̀ bí òwú.
Yìnyín: omi tó ti dì, tó le bí òkúta.
Oruku omi: omi tó ti di afẹ́fẹ́, bí èyí tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò.
Rin: kí a fi irin wẹ́wẹ́ họ nǹkan títí á fi kúnná.
Jò: kí omi tàbí afẹ́fẹ́ máa gba ihò jáde tàbí wọlé.

Sí ọmọ tó béèrè ìbéèrè náà: o ṣeun. Bí o bá tún gbọ́ òǹkà ńlá kan lẹ́nu tíṣà, lẹ́nu òbí tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n, fi ọ̀wọ̀ nawọ́ sókè, kí o sì tún béèrè. Ó dàbọ̀ di Sátidé.